Òòlù Bartholomew Lórí Ìṣó

Bartholomew kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ká ní aláriwo ni, bóyá n kì bá tí rí ọ̀nà ṣe ohun tí mo ṣe sí i.

Ọdún 1998 ló dé sí ọgbà àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní Ìkòsì, òun àti àpótí onígi kan. Òòlù mẹ́rin àti irin pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú àpótí náà. Ọmọ Ègùn ni, láti ẹ̀gbẹ́ Àgbádárìgì, Kátólíìkì tí kì í pa máàsì ọjọ́ Àìkú jẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ gùn, ó sì ní àṣà kan tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín: kó tó lu irin, á kọ́kọ́ fi eegun ìka kàn án, á gbé etí sún mọ́ ọn, á wá máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń rojọ́ fún. Ìgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ náà tán ló máa tó mú òòlù.

Èmi, pẹ́ńtà ni mí. Ṣùkúrù ni wọ́n ń pè mí, ọmọ Àgbòyí, bàbá mi ní ilẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní lándíọ̀dù lónìí tó mọ ọ̀nà Kétu. Ìsọ̀ èmi àti Bartholomew fara kan ara wọn. Mọ́tò tó bá ti tẹ̀, òun á nà án títí á fi tẹ́jú, èmi á wá kùn ún lọ́dà. Ọdún mẹ́jọ la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn panẹ́lì bítà mìíràn, tí irin bá ti jẹrà, pọ́tì ni wọ́n máa rọ́ dí ihò náà, wọ́n á fi ọwọ́ pa á lójú, ó di ọwọ́ pẹ́ńtà. Bartholomew kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Á gé ibi tó jẹrà kúrò, á jó irin tuntun mọ́ ọn, á sì tún fi ìyanrìn fọ etí rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Báàtó, mọ́tò lò ń ṣe o, kì í ṣe eyín ọba." Á rẹ́rìn-ín, á sì máa ba iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní àràárọ̀, òun ló máa ń ra búrẹ́dì, èmi ni mo máa ń ra ẹ̀wà. Á gé búrẹ́dì sí méjì, èyí tó tóbi ló sì máa ń tì síwájú mi, á ṣe é bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì í gé. Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Kí n sọ òtítọ́, iṣẹ́ ọwọ́ mi kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀dà kíkùn kọ́ ló sọ mí di ẹni ńlá ní Ìkòsì. Ìléròrò ni. Mọ́tò tó bá ti dàgbà, ọ̀dà ara rẹ̀ máa ń wú bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà sí, á lé ròrò, á sì máa bó. Gbogbo ènìyàn ló ń rí i, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ohun tó ń fà á. Bí o bá fi abẹ́ là á, tí o bá ìyẹ̀fun pupa nísàlẹ̀, irin ló ti dípẹtà láti inú wá; panẹ́lì bítà ló fi ìpẹtà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá bá omi, tí ọ̀dà eérú tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní mímọ́, ọ̀rọ̀ kan pẹ́ńtà nìyẹn. Bóyá kò jẹ́ kó gbẹ. Bóyá kò kọ́kọ́ da omi nù nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó fi ń fọ́n ọ̀dà. Bóyá omi tó fi fọ̀ ọ́ ni kò dára. Bí ọ̀dà bá sì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, tí kò sí omi, tí kò sí ìpẹtà, ẹni tó kùn ún kò ha ara mọ́tò dáadáa ni. Èmi kì í sábà dúró de abẹ́. Mo máa fi èékánná kàn án, mo máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti mọ̀.

Ẹgbẹ́ wa ní òfin kan tí mi ò tíì gbọ́ pé ó wà níbòmíràn. Bí oníbàárà bá mú ẹjọ́ ìléròrò wá, wọn kì í jẹ́ kí panẹ́lì bítà àti pẹ́ńtà máa na ìka síra wọn. Wọ́n á pe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú jù á yan ìléròrò mẹ́ta lára mọ́tò náà, á là wọ́n níṣojú gbogbo wa, ohun tó bá jáde ló máa dá ẹjọ́. Wọ́n á gba irinṣẹ́ ẹni tó bá jẹ̀bi, wọ́n á gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn àga alága fún oṣù mẹ́ta. Ti panẹ́lì bítà, òòlù rẹ̀ ni. Ti pẹ́ńtà, gọ́ọ̀nù tó fi ń fọ́n ọ̀dà ni. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ̀yìn ẹlòmíràn lo máa wà, ọ̀gá á di ọmọṣẹ́. Láti ọdún 2001 ni mo ti jẹ́ ẹni tó ń là á. Wọ́n ń pè mí láti Mile 12, wọ́n ń pè mí títí dé Ṣangíṣà. Orí mi wú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, Tíṣà Adétúnjí gbé Píjò 504 rẹ̀ wá. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, Ṣangíṣà ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn mọ́tò yẹn ju àwọn ọmọ rẹ̀ kan lọ. Ó fẹ́ gbé e lọ sí Ìkirè fún Àjíǹde, ó fẹ́ kó dán. Bartholomew lo ọ̀sẹ̀ méjì nídìí rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, iná kò sí, ẹ̀rọ kò fa omi, àwọn mẹ́ruwà tó ń gbé omi kiri náà kò sì yọjú. Ẹni tó bá fẹ́ fi pépà ha ara mọ́tò kó tó kùn ún gbọ́dọ̀ lo omi, omi púpọ̀. Mo bá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Àgbòyí, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà wá fún mi láti inú odò wa. Kò sí ọmọ Àgbòyí tí kò mọ̀ pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti pẹ́, omi ọ̀sà á gòkè wá bá omi odò, omi á sì yí. Ìyá mi kì í fi í fọ aṣọ ní irú oṣù bẹ́ẹ̀, kì í fi í se nǹkan kan. Mo mọ̀. Mo dúró ti kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, mo rántí ìyá mi, mo sì sọ fún ara mi pé ara irin ni mo fẹ́ lò ó fún, kì í ṣe ọbẹ̀. Mo ha mọ́tò náà láti orí dé ìdí, mo jẹ́ kó gbẹ, mo kùn ún. Ó dán tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi rí ojú ara rẹ̀ nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì tún fìlà rẹ̀ dé níbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, mọ́tò náà padà wá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ ti rí bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Ní ibòmíràn ọ̀dà ti bó sílẹ̀. Tíṣà kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó dúró láàárín èmi àti Bartholomew, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ ṣe fún mi báyìí?" Lẹ́yìn náà ló lọ fi ẹjọ́ sun alága wa, Bàbá Àyàndá. Wọ́n dá ìpàdé sí Sátidé. Èmi ni wọ́n sì ní kí n là á.

Ó yẹ kí ẹnì kan sọ níjọ́ náà pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi. Bartholomew gan-an ló ní, "Ẹ jẹ́ kí Ṣùkúrù là á, á sọ ohun tó bá rí."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, nígbà tí àwọn ènìyàn lọ jẹun ọ̀sán, mo lọ sídìí mọ́tò náà lémi nìkan. Mo fi orí abẹ́ la ìléròrò kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi jáde, omi tó mọ́ gaara. Ọ̀dà eérú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní àbàwọ́n kankan. Mo fi ìka kan omi náà, mo fi í kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni.

Mo rí kẹ́ẹ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn lójú mi, mo rí ìyá mi. Mo rí ìṣó ẹ̀yìn àga alága, mo rí gọ́ọ̀nù mi lórí rẹ̀, àti gbogbo Ìkòsì tó ń wí pé ọmọ odò ló fi omi odò ba mọ́tò jẹ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀dà náà padà síbi tó wà, mo kúrò níbẹ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo sì ṣe lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn gan-an. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lé ròrò, òrùlé lé ròrò, èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn. Mọ́tò tó ti lo ogún ọdún, bó ti wù kí panẹ́lì bítà mọ iṣẹ́ tó, ìpẹtà díẹ̀ kò ní ṣàì kù sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí omi òjò ń gbà jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yan ọ̀kan nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn òsì, ọ̀kan nísàlẹ̀ ti ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ bọ́ọ̀tù. Mo là wọ́n. Ìyẹ̀fun pupa dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mi ò pa irọ́ kankan. Gbogbo ohun tí mo sọ kò ju, "Ẹ wò ó fúnra yín." Wọ́n sì wò ó.

Bàbá Àyàndá ní, "Báàtó, ṣé o ní nǹkan sọ?"

Bartholomew wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ojú kúrò. Ó ní, "Rárá, Bàbá."

Ó fà wọ́n ní òòlù rẹ̀. Kì í ṣe ńlá o, èyí kékeré tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gba fúrídọ̀mù ni, tí èèkù rẹ̀ ti jẹ wọnú níbi tí àtàǹpàkò ọ̀gá náà máa ń wà kó tó di ibi tí tirẹ̀ ń wà. Wọ́n gbé e kọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo rò pé kò ní kí mi. Ó kí mi. Ó gé búrẹ́dì, ó ti èyí tó tóbi síwájú mi. Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ Túsìdé, bákan náà. Ọjọ́ Wẹ́sìdé, bákan náà, mo tún jẹ ẹ́. Ọjọ́ Tọ́sìdé, ìsọ̀ rẹ̀ ṣófo. Àpótí onígi náà kò sí mọ́. Wọ́n ní ó ti lọ gba ibì kan ní Ìṣẹrí Olówóòrà.

Èmi ni mo tún mọ́tò Tíṣà ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi ran bàbá lọ́wọ́ ni, wọ́n sì ń yìn mí pé onínúure ni Ṣùkúrù. Omi ẹ̀rọ ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí. Mo ha gbogbo ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ti òrùlé títí irin fi hàn. Ẹ̀rí ni mo ń ha dànù.

Oṣù mẹ́ta pé, Bartholomew kò wá gba òòlù rẹ̀. Ọdún kan pé. Gbogbo ìpàdé ni mo ń jókòó kọjú sí òòlù yẹn. Mo pààrọ̀ àga, ó ṣì ń wò mí. Wọ́n ń pè mí wá la ìléròrò, mo ń lọ, ó sì máa ń pẹ́ kí n tó yan èyí tí mo máa là. Wọ́n rò pé ojú mi ló ń kú. Ojú mi kò kú, ìtìjú ló kún inú rẹ̀. Mo ń yẹra fún ìyá tó ń ta búrẹ́dì. Mo gbọ́ pé àwọn oníbàárà Bartholomew ní Magodo kò tẹ̀ lé e lọ sí Olówóòrà, nítorí ìròyìn ti kàn dé ọ̀dọ̀ wọn pé ó máa ń fi ìpẹtà sílẹ̀. Bartholomew, tó ń fi ìyanrìn fọ etí irin!

Ní ọdún 2009, a fẹ́ tún ilé ẹgbẹ́ kùn. Akọ̀wé wa, Bámi, yọ òòlù náà kúrò lórí ìṣó, ó gbé e sókè. Ó ní, "Ta ló ni jákujàku yìí? Ẹ jẹ́ ká kó o fún àwọn tó ń ra irin àlòkù jàre." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tiẹ̀ rántí ẹni tó ni ín mọ́. Mo dìde, mo ní kó gbé e fún mi. Ọwọ́ mi bọ́ sí ibi tí èèkù náà ti jẹ wọnú, àfi bí ẹni pé mo fọwọ́ kan ọwọ́ ẹnì kan.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Olówóòrà, mo dúró kí máàsì parí. Ìyàwó rẹ̀, Judith, ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Bọ̀dá Ṣùkúrù. Ó mà tójọ́ mẹ́ta." Ó fún mi ní àga, ó lọ pe ọkọ rẹ̀. Bartholomew ti ní ewú ní ẹ̀gbẹ́ etí. Ó jókòó.

Mo ní, "Báàtó, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Nítorí kí ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé ó rántí ọ̀sẹ̀ yẹn, pé iná kò sí. Mo ní ẹ̀rọ kò fa omi, Tíṣà ń kán wa lójú, ọjọ́ márùn-ún péré, mẹ́ruwà kankan kò...

Ó ní, "Ṣùkúrù. Iná kọ́ lo wá sọ."

Mo ní, "Omi Àgbòyí ni mo lò. Omi náà ti yí. Mo mọ̀. Iyọ̀ ló ba mọ́tò yẹn jẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ."

Ó ní, "Èmi náà mọ̀."

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Lọ́jọ́ Fúráìdé tí ìpàdé ku ọ̀la, mo dé ìdí mọ́tò yẹn. Mo rí i pé ẹnì kan ti la ọ̀kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ padà. Ta ló tún ń la nǹkan báyẹn ní Ìkòsì bí kò ṣe ìwọ? Mo la èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, Ṣùkúrù. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ iyọ̀ ni?"

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà náà? Bàbá bi ẹ́ léèrè!"

"Mo rò pé o máa sọ ọ́ ni. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn, mo ṣì ní o máa padà wá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí o ò padà wá, mo ní ó lè jẹ́ pé ojú ń tì ẹ́ láàárín èrò, pé o máa sọ ọ́ tó bá ku èmi pẹ̀lú ẹ. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo gé búrẹ́dì fún ẹ."

Mo yọ òòlù náà nínú àpò, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń yún un. Kò mú un.

Ó ní, "Ṣé èmi gbé e fún ẹ ni? Ẹgbẹ́ ni mo gbé e fún. Àwọn ni kó dá a padà. Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá bá."

"Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. A jẹ́ pé o ò tíì sọ fún ẹnì kankan."

Judith gbé omi wá fún mi nínú ife, bí a ti ń ṣe fún àlejò. Mo gbà á, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e dé ẹnu. Bartholomew rí i.

"Mu ún," ó ní. "Kò níyọ̀."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mu ún tán, mo gbé òòlù náà padà sínú àpò, mo lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilé ẹgbẹ́ kún. Òórùn ọ̀dà tuntun ṣì wà lára ògiri. Mo gbé òòlù náà sórí tábìlì, mo sì dìde. Ibi iyọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mẹ́nu kan iná, mi ò mẹ́nu kan Tíṣà tó ń kán wa lójú. Mo sọ bí mo ṣe fi ahọ́n kàn án lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo sọ bí mo ṣe yan ìdí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Bámi ló kàn ní, "Ọ̀gá Ṣùkúrù, ẹ̀yin?" ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Bàbá Àyàndá wo òòlù náà lórí tábìlì. Ó wá ní, "Lọ gbé gọ́ọ̀nù ẹ wá."

Mo lọ gbé e wá, èmi fúnra mi ni mo gbé e kọ́. Wọ́n ti kùn gbogbo ògiri náà, wọn kò yọ ìṣó.

Wọ́n rán Bámi pẹ̀lú òòlù náà lọ sí Olówóòrà, pé kó sọ ohun tí mo sọ, kó sì bá ẹgbẹ́ tọrọ àforíjì, kó ní kí Bartholomew padà wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà títí Bámi fi dé. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí. Ó ní Bartholomew gbà á, ó fi aṣọ nù ún, ó dì í mú ní ibi tó jẹ wọnú yẹn fún ìgbà díẹ̀. Bartholomew ní òun ò ní padà sí Ìkòsì mọ́, ó ní kí wọ́n bá òun kí Bàbá Àyàndá àti gbogbo ilé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Bámi wo ilẹ̀. Ó ní kò béèrè mi.